Àwàdà Aláìfọhùn Tí Mo Sọ Di Tèmi

Agbowó, Ìbàdàn,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Fọláṣadé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú orí ire iṣẹ́ tuntun. Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́ Àìkú pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn tó ń ṣe eré àwàdà níléeṣẹ́ yín ní Àbújá, mo pariwo débi pé obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ sáré gòkè wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni wọ́n gbé ga. Inú mi dùn, má ṣe ṣiyèméjì nípa ìyẹn.

Ṣùgbọ́n o sọ ohun kan mọ́ ọn kó o tó pa fóònù. O ní, "Mọ́mì, eré yín la máa kọ́kọ́ ṣe. Eré Àga yẹn. A máa kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀." Mo ní, "Ó dáa." Irọ́ ni mo pa. Kò dáa, láti ọjọ́ náà sì ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi.

Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Kì í ṣe ti orúnkún tó ń dùn mí yìí. Bí àwọn èèyàn bá ń kí ọ kú iṣẹ́ lórí ohun tí o kò ṣe, tí o sì ń jẹ́ ẹ láti ọdún dé ọdún, ó ní irú àárẹ̀ tó máa ń fà. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá kọ ọ́ tán. Má pè mí ní àárín kíkà. Kà á dópin kó o tó pè.

Ibi tí mo ti mọ àwàdà aláìfọhùn ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún, mo ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, mo sì ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣeré lópin ọ̀sẹ̀. Tíṣà àgbà kan wà ní Bódìjà, tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Ọlátẹ́jú là ń pè wọ́n. Wọ́n ti gbé ìlú òyìnbó rí, ohun tí wọ́n sì rù bọ̀ kì í ṣe mọ́tò. Ẹ̀rọ sinimá àtijọ́ kan ni, àti páálí mẹ́ta tó kún fún fíìmù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé wọ́n máa ń fi ẹní bo fèrèsé pálọ̀ wọn, wọ́n á ta aṣọ ìbùsùn funfun sára ògiri, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ á wọlé jókòó. Àwa bíi mẹ́wàá la máa ń wà níbẹ̀. A ó máa gbọ́ ariwo àwọn tó ń já àpò ẹ̀wà nínú ọjà lẹ́yìn ilé, àwọn èèyàn inú sinimá ní tiwọn ò ní sọ nǹkan kan. Ọkùnrin kan á gbé àwo ẹyin lérí, á máa la ẹrẹ̀ kọjá. Òmíràn á máa rọra nàjú lọ, kò mọ̀ pé ọlọ́pàá mẹ́fà ń lé òun bọ̀ lẹ́yìn. A ó rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn wá.

Bàbá kì í jẹ́ ká rẹ́rìn-ín lásán. Bí fíìmù bá tán, wọ́n á ká ẹní kúrò lójú fèrèsé, wọ́n á wá máa ṣàlàyé.

"Ẹ má rò pé wọn ò lọ́rọ̀ lẹ́nu o," ni wọ́n máa ń wí. "Ayé ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so ohùn mọ́ àwòrán nígbà náà ni. Nígbà tí ẹnu ò sì ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ ẹsẹ̀ lọ́rọ̀, wọ́n kọ́ èjìká lọ́rọ̀, wọ́n kọ́ ojú. Ìdí nìyẹn tí ará Rọ́ṣíà àti àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn fi lè rẹ́rìn-ín níbi kan náà, láìsí ògbufọ̀."

Wọ́n sọ fún wa pé púpọ̀ nínú àwọn aláwàdà yẹn ti fi ara dábírà lójú agbo láti kékeré kí wọ́n tó dé inú fíìmù, pé bí wọ́n bá já láti orí òrùlé, àwọn fúnra wọn ló já. Wọ́n ní ẹnì kan máa ń tẹ dùùrù nínú gbọ̀ngàn bí fíìmù bá ti ń lọ. Wọ́n ní nígbà tí ohùn dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn: ohùn tẹlòmíràn ò bá ojú rẹ̀ mu, ẹlòmíràn ò gbọ́ èdè tí wọ́n fẹ́ kó sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò kú. Ó wọ inú àwòrán yíyà tí àwọn ọmọdé ń wò, ó wọ tẹlifíṣàn, ó wọ orí ìtàgé tiwa. Bó o bá rí àwọn àwàdà ìṣẹ́jú kan tí wọ́n ń gbé sórí fóònù báyìí, tí ọmọkùnrin kan ṣe bí ẹni pé òun ò rí ilẹ̀kùn gíláàsì, ọmọ ọmọ ìgbà yẹn ni. Bàbá tún ní ká má jẹ́ kí òyìnbó gba gbogbo ìyìn. Bí alárìnjó tiwa bá gbé ìbòjú òyìnbó kọ́jú, kí ló máa ń sọ? Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọjà fi ń rẹ́rìn-ín. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ohun kan wà tí wọ́n sọ tí mo kọ sínú ìwé mi tí mo sì fa igi sí nídìí. "Ìṣubú kọ́ ló ń pani lẹ́rìn-ín. Akitiyan ẹni tí kò fẹ́ ṣubú ni." Mo kọ ọ́, ó sì yé mi bí iṣẹ́ ṣe ń yé ọmọ iléèwé tó fẹ́ tètè lọ sílé.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Má fi ìwé kíkọ rọ́pò òye. O máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí èmi.

Nínú pálọ̀ yẹn ni mo ti mọ Sàúdátù. Ó fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ, ọmọ ìdílé ìmàle kan tó ti pẹ́ nílùú Ìbàdàn ni, ó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó níbí. Àìsàn ti gba etí rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, kì í gbọ́ nǹkan kan. Kì í pa Sátidé kan jẹ. Kí àwa tó rẹ́rìn-ín, òun á ti rẹ́rìn-ín, nítorí ó máa ń rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Lọ́jọ́ kan Bàbá wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní, "Nígbà tí ohùn wọ sinimá, gbogbo ayé yọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè lọ́wọ́ àwọn bíi Sàúdátù bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn." Títí di ọjọ́ náà, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n pàdánù sinimá lọ́jọ́ tí àwa yòókù jèrè ohùn.

A di ọ̀rẹ́. Bí mo bá ti kúrò níléèwé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo máa ń yà sí. Ó kọ́ mi láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń lù mí níka bí mo bá ṣì í sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ tó lọ sí ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ nítorí ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n fún un ní àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ó jókòó kó tó mọ̀. Àwọn akọ̀wé ń wò ó, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Kò fẹ́ dìde nítorí wọ́n á mọ̀ pé àwọn rí i mú. Ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ àga yẹ kó wà, ó gbé ojú sókè bí ìyàwó ọba, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àpò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Eṣinṣin bà lé imú rẹ̀, kò lè fi ọwọ́ lé e. Orí àpótí kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀bù ló ti fi gbogbo rẹ̀ hàn mí, ọ̀rọ̀ kan ò jáde. Àbẹ̀kẹ́, mo ti rí gbogbo fíìmù Bàbá Ọlátẹ́jú, kò sí èyí tó tó o. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún, àmọ́ mi ò rò pé ẹkún kan náà la sun.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo sọ ọ́ di eré. Mo ní kó rán aṣọ àǹkárá kan fún mi, mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó rán an, ó tún fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn rẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Gbọ̀ngàn kan ní Jẹ́ríkò la ti kọ́kọ́ ṣe é, aṣọ náà ni mo wọ̀. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ti ní ó dára ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì pọ̀ tó. Mo bá fi nǹkan méjì kún un. Mo jẹ́ kí akọ̀wé máa pe orúkọ obìnrin náà kí obìnrin náà má gbọ́, kí akọ̀wé máa pariwo, kí àwọn èrò máa bá a pariwo. Níparí, mo jẹ́ kí àga yẹ̀, kí n ṣubú, kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì lọ sókè. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Èmi ni mo pe Sàúdátù wá, ìlà kejì ló jókòó sí. Mo ti rò pé inú rẹ̀ á dùn, òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo orúkọ, mo rí i tó bojú wẹ̀yìn láti wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ó wo ẹnu wọn, ó wá wo èmi. Ó dìde. Ó tẹ̀ ba kó má baà dí àwọn èèyàn lójú, ó ń gba iwájú orúnkún wọn kọjá títí ó fi jáde. Mo rí i. Mo sì tẹrí ba fún àwọn tó ń pàtẹ́wọ́.

Mo ní màá lọ bá a lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá gba òdìkejì títì. Nígbà tó yá, ó kó kúrò, ara tù mí. Mo sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí: ara tù mí. Ìyẹn ni kó o gbé lé àyà. Bó o bá ṣẹ èèyàn, lọ bá a nígbà tí ojú ṣì ń tì ọ́. Bí ojú bá dẹ́kun títì ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹjọ́ rò fún ara rẹ. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé.

O mọ ìyókù, ìyókù yẹn náà ni wọ́n ń kí mi fún. Eré Àga dé tẹlifíṣàn. Wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, pé àwọn tó ń wò á fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: "Yéè, ẹsẹ̀ àga yìí ti kán o!" Kí lẹnì kan tún ń sọ ìyẹn fún nígbà tí ojú ti rí i? Eré náà kú mọ́ mi lọ́wọ́, bó ṣe kú mọ́ àwọn ará àtijọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé ohùn lé wọn lórí. Nítorí náà, bó o bá ti fi àwòrán sọ nǹkan kan, má tún fi ẹnu sọ ọ́. Àwọn tó ń wo eré rẹ kì í ṣe òmùgọ̀.

Olóòtú kan bi mí lórí ètò lọ́jọ́ kan, "Mà, níbo lẹ ti rí ọgbọ́n yìí?" Mo ní, "Orí ara mi ni." Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ láti sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé e.

Mi ò rántí iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà, jẹ́ kí n máa bá a lọ. Wo ẹni tí o fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Nínú fíìmù Bàbá Ọlátẹ́jú, ọlọ́pàá agbéraga ló máa ń já sínú kòtò, ọlọ́rọ̀ tó ń fọ́nnu ni àkàrà òyìnbó máa ń lù lójú. Ẹni tí ebi ń pa lè ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ṣùgbọ́n òun la máa ń fẹ́ kó yè é. Èmi yí i sódì. Mo fi ọ́fíìsì sílẹ̀, mo fi akọ̀wé sílẹ̀, mo ní kí ayé wá fi adití rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ náà á sọ fún ọ pé ẹ̀rín ò tíì pọ̀ tó. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ ta ló máa san owó ẹ̀rín tó kù.

Lẹ́yìn ìpè rẹ, mo wá Sàúdátù. Kò ṣòro rárá, ìyẹn gan-an ló tún dùn mí. Èèyàn méjì péré ni mo bi léèrè. Akóbọ̀ ló ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rìsíkátù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́hùn-ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Rìsíkátù ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ àtijọ́ ni mí. Ó ní, "Ẹ wọlé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ojú Alájà, ìyá mi, ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bí ọwọ́ ò bá sún mọ́ wọn dáadáa, wọn kì í rí i."

Ìwọ rò ó wò, Àbẹ̀kẹ́. Obìnrin tí kò gbọ́ràn láti kékeré, ojú tó fi ń gbọ́ ti ń lọ.

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé fóònù mọ́ imú, ó ń wo àwàdà. Àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú nìkan ló ń wò, Rìsíkátù ló sọ fún mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó wá gbé ọwọ́.

Rìsíkátù rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. "Wọ́n ní ẹ ti sanra."

Mo gbìyànjú láti dáhùn, ọwọ́ mi ti gbàgbé. Mo bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, Rìsíkátù ń sọ ọ́ lọ́wọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, Jẹ́ríkò, tẹlifíṣàn, orí ara mi ni. Mo sọ iṣẹ́ tuntun tìrẹ àti ohun tó o fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo parí, Sàúdátù fi ọwọ́ kan ṣe bí èèyàn tó dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ kejì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n ní àwọn ò ṣubú," ni Rìsíkátù wí. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. "Wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn ní Dùgbẹ̀, àwọn ò ṣubú. Wọ́n ní ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀. Ó fi òpin rẹ̀ hàn mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, èmi ni mo gé e dànù. Ó jókòó lórí àga yẹn títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tí ọ̀gá ọ́fíìsì jáde tó sì ń padà wọlé, Sàúdátù dìde, ó gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà tẹ̀ lé e wọlé, ó rọra fi í ti ara tábìlì ọ̀gá, ó fa àga tó dára jùlọ nínú yàrá náà, ó jókòó, ó na ìwé rẹ̀ sí ọ̀gá. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyẹn lòpin eré náà. Ó dára ju tèmi lọ, mo sì mọ̀ nígbà yẹn pé ó dára jù, ṣùgbọ́n ìṣubú ló máa ń tètè gba àtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Rìsíkátù sọ ọ́. Ìbéèrè ni Sàúdátù fi dáhùn: ta ni yóò ṣe obìnrin orí àga nínú eré tí ọmọ mi fẹ́ ṣe? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ṣé kò sí adití kankan ní Àbújá tó mọ eré ṣe ni? Mo tún ní mi ò mọ̀. Ó mi orí bí ẹni pé ohun tóun ti retí nìyẹn. Ó wá ní kí n ní kó o wá fúnra rẹ, òun á fi gbogbo rẹ̀ hàn ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó nàka sí mi, ó fi ọwọ́ sọ nǹkan kan, Rìsíkátù ò fẹ́ túmọ̀ ìyẹn. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní kó má jẹ́ látẹnu yín lọmọ yín ti máa gbọ́ ọ, mà."

Mi ò lè sọ fún ọ pé ó ti dárí jì mí. Kò sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì láyà láti tún un béèrè. Rìsíkátù sìn mí dé ibi tí mo ti máa rí kẹ̀kẹ́. Mo délé, mo jókòó, gbogbo ara ló ń ro mí.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Yọ orúkọ mi kúrò. Má bá mi wá ọ̀nà àrékérekè kan bí "ẹni tó gbé e jáde", yọ ọ́ pátápátá. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní orúkọ mi ni wọ́n mọ̀, sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kó o yọ ọ́, o lè fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ Alájà Sàúdátù orúkọ tó fẹ́ kẹ́ ẹ kọ, àti bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é rárá. Bó bá ní òun ò fẹ́, ó parí. Wá nǹkan mìíràn ṣe, o lọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Wá àwọn adití tó ń ṣeré, kì í ṣe láti ṣàánú wọn. Àwọn ló ni ilé àwàdà aláìfọhùn yìí, àwa la yá a gbé.

Mo mọ̀ pé inú lè bí ọ sí mi. Láti kékeré lo ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ìyá rẹ ló dá eré náà sílẹ̀, èmi náà sì máa ń jókòó níbẹ̀, màá máa rẹ́rìn-ín. Bó o bá nílò ọjọ́ mélòó kan kó o tó lè bá mi sọ̀rọ̀, gbà á. Mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ìbínú sí mi pẹ́ kó o tó lọ sí Akóbọ̀.

Kí Ọlọ́run bá ọ gbé iṣẹ́ náà, kó má jẹ́ kó o jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kúnlẹ̀ kí wọn, jókòó síbi tí oòrùn ti ń wọlé, sún mọ́ wọn, kó o sì gbé ọwọ́ rẹ síbi tí wọ́n ti lè rí i. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni kó o wá, má sọ ọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Rìsíkátù ní láàárọ̀ ni wọ́n ṣì máa ń ríran díẹ̀.

Èmi ìyá rẹ, tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ti rẹ̀,
Mọ́mì.